Ẹni Tó Kọ́kọ́ Béèrè Ibi Tí Kànga Wà Ni Mo Gbé Iṣẹ́ Sókáwéè Fún

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ bá ń kọ́lé sí abúlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ sókáwéè, ìyẹn kòtò tí ìgbẹ́ àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Ìyá mi ni mo kọ́lé ọ̀hún fún ní abúlé wa lẹ́bàá Ìkìrun. Ṣáláńgá ni wọ́n ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, orúnkún sì ti ń dùn wọ́n, wọn ò lè lóṣòó mọ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà rí ibi tí wọ́n á ti máa jókòó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kí ara tù wọ́n.

Èkó ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹbí ló bá mi wá bíríkìlà, orí fóònù la sì ti dúnàádúrà. Kò tíì fojú kan ilẹ̀ náà tó fi sọ iye tó máa gbà, ó ní ọjọ́ mẹ́rin ni òun máa fi parí ẹ̀. Inú mi dùn pé owó náà ò pọ̀. Ọjọ́ kẹrin pé lóòótọ́, fọ́tò dé sórí WhatsApp: wọ́n ti da dẹ́kìn lé e, wọ́n rẹ́ ẹ, ó ń dán. Ohun tó wà lábẹ́ dẹ́kìn ni fọ́tò ò lè fi hàn mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, kò sí wàhálà. Nígbà tí òjò wá múlẹ̀, màámi pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan: “Ọmọ mi, mo da omi sí i, ó kàn ń dún gbùlù gbùlù ni, kò lọ.” Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀ tí omi fi ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́kìn. Èyí tó já mi láyà jù ni pé omi kànga ti ń rùn. Wọ́n sì ti ń mu ún o, kí òórùn ẹ̀ tó hàn! Wọ́n ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fi pa mọ́ fún mi kí ọkàn mi má baà dàrú. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Mo gbéra lọ sílé. Láti ẹnu kànga dé sókáwéè, ìṣísẹ̀ mi ò ju mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kó dín ní mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Sókáwéè tún wà lápá òkè, kànga wà nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ́ dẹ́kìn (a ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọnú ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ inú kòtò bẹ́ẹ̀ ń pa èèyàn), kòtò kan ṣoṣo la bá. Wọ́n to búlọ́ọ̀kù láìrẹ́ ẹ, wọ́n sì gbẹ́ ẹ jìn débi pé omi abẹ́ ilẹ̀ ti dé inú ẹ̀. Ìgbẹ́ ìyá mi ń lọ tààrà sínú omi tí wọ́n ń mu.

Àwọn mẹ́ta ló wá wo ilẹ̀ fún àtúnṣe. Àwọn méjì dá owó lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kẹta, bàbá kan tí irun ti ń funfun lórí wọn, ò sọ̀rọ̀ owó rárá. Wọ́n ní: “Kànga yín dà? Ti aládùúgbò ńkọ́? Èèyàn mélòó ló máa ń wá nígbà ọdún?” Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan, wọ́n pọn omi sí i títí ilẹ̀ fi mu ún yó, wọ́n ní ó dàárọ̀. Láàárọ̀, wọ́n tún bu omi sí i, wọ́n ki igi tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé àmì sí lára bọ̀ ọ́, wọ́n jókòó tì í. Omi ò kúrò lójú àmì. Wọ́n ní, “Amọ̀ nìyí, kò níí gba omi.” Ẹ̀yìn igi obì, nísàlẹ̀ kànga lọ́ọ̀ọ́kán, ni ilẹ̀ ti gbà á.

Mi ò tíì fún wọn níṣẹ́ síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dárúkọ ilé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́, mo sì dá lọ sí méjì láìsọ fún wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi àwọn onílé: bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ṣé omi yín ń lọ? Ìyá kan fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé wọn, a dúró lórí dẹ́kìn, n ò gbóòórùn kankan.

Bàbá yìí ló là mí lóye pé nǹkan méjì ló ń jẹ́ sókáwéè. Táǹkì ni ti àkọ́kọ́, ó máa ń ní ògiri láàárín, wọ́n á rẹ́ ẹ kí omi má lè jò. Ìgbẹ́ á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ló ń kọjá. Kòtò kejì ni wọn kì í rẹ́ nísàlẹ̀, òkúta ló wà nínú ẹ̀, ibẹ̀ ni omi ti ń wọ ilẹ̀.

A kọ ohun gbogbo sílẹ̀, a pín owó sí mẹ́ta. Ìdá tó kẹ́yìn di ẹ̀yìn ìgbà tí a bá dán táǹkì wò. Wọn ò da dẹ́kìn lé e títí mo fi dé. A pọn omi kún un, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé. Lọ́jọ́ kejì, omi ṣì wà lójú ìlà. Mo san owó tó kù níbẹ̀.

Kànga ọ̀hún, a gbọ́n ọn gbẹ, a da kòlóríìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, sí i, ṣùgbọ́n aṣọ nìkan ni màámi ń fi omi ẹ̀ fọ̀ báyìí. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ lé iṣẹ́ bàbá yẹn. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú, mo pe màámi láàárọ̀. Kí n tó béèrè ni wọ́n ti dáhùn: “Mo ti da omi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ.”