Irú àpótí wo ló yẹ bátìrì lítíọ́mù nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré?

Ọmọ Apẹja

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ojú omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀ mi. Oní-ásíìdì ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, ó wúwo débi pé ẹ̀yìn máa ń dùn mí tí mo bá gbé e láti èbúté wọ inú ọkọ̀. Lítíọ́mù ni mo rà báyìí, 100Ah (ìyẹn iye iná tó lè gbà), kò tó ìdajì ìwúwo ti àtijọ́. Mọ́tọ̀ iná kékeré tí mo fi ń rọra rìn tí mo bá ń pẹja ni mo rà á fún. Agbára tí mọ́tọ̀ náà fi ń ti ọkọ̀ jẹ́ 55 lb. Ẹ̀rọ tí mo fi ń wá ẹja àti iná alẹ́ náà ń mu nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ mi kò ní òrùlé. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì máa ń wà, omi iyọ̀ sì máa ń ta débẹ̀ nígbà tí ìgbì bá le. Àpótí àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ike dúdú ni, ó ní ihò lára ìdérí. Mo gbé bátìrì tuntun sínú rẹ̀, ó ń mì, àlàfo tó fẹ̀ tó ìka méjì ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan ní kí n lọ ra àpótí tó dí pátápátá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀. Ẹlòmíì ní kí káfíńtà bá mi kan ti pákó. Mo tún rí irú kan tó ní ojú kékeré tó ń fi iye fóòtì hàn, tó ní ihò USB àti ibi tí a ti ń so mọ́tọ̀ mọ́ ọn níta, ó sì wù mí gan-an. Èwo ni kí n mú nínú gbogbo ìwọ̀nyí? Àbí kí n máa lo ti àtijọ́ lọ?

Oníná Ọkọ̀

Àbúrò, kú oríire bátìrì tuntun. Iṣẹ́ wáyà inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ń ṣe jẹun, ọ̀rọ̀ àpótí yìí sì máa ń ká mi lára, torí owó ńlá làwọn èèyàn ń ná sórí bátìrì, wọ́n á wá gbé e sínú ohunkóhun tí wọ́n bá ṣáà rí.

Kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà. Bí wọ́n bá kọ 12.8V síbẹ̀, LiFePO4 ni, ìyẹn èyí tó fara balẹ̀ jù nínú àwọn lítíọ́mù tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ 11.1V tàbí 14.8V ni o rí, irú mìíràn nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí iná tètè ń ràn nínú ìyẹn bí nǹkan bá ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, LiFePO4 ni mo ń bá wí.

Àpótí àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ, iṣẹ́ méjì ni wọ́n ṣe é fún. Ihò tó wà lára ìdérí rẹ̀ wà kí gáàsì hydrogen tí bátìrì oní-ásíìdì máa ń tú jáde nígbà tí a bá ń gbaná sí i lè rí ọ̀nà lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí gbọn-in kí ásíìdì tó bá ta sílẹ̀ má bàa jẹ ọkọ̀. Bátìrì tìrẹ kò ní ásíìdì, kì í sì í tú gáàsì bí a bá ń lò ó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, iṣẹ́ àpótí ti yí padà pátá. Ohun tó kù fún un láti ṣe ni pé kó di bátìrì mú kó má mì, kó má jẹ́ kí omi iyọ̀ dé orí pupa àti orí dúdú, kó sì jẹ́ kí ooru jáde. Bó o bá fi èyí sọ́kàn, wàá rí i pé ihò òkè ni ọ̀tá rẹ báyìí, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé. Ìsàlẹ̀ tó dí gbọn-in náà wá di wàhálà, torí omi tó bá wọlé ò ní rí ibi jáde, bátìrì á kàn jókòó sínú omi iyọ̀ ni.

Mímì yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń fo lórí ìgbì, ohun tó bá mì nínú àpótí á máa fa wáyà, nọ́ọ̀tì orí bátìrì á tú díẹ̀díẹ̀, ibi tó tú á máa gbóná. Mo ti rí orí bátìrì tó yọ́ bí àbẹ́là nítorí nọ́ọ̀tì tó tú. Ẹgbẹ́ ABYC ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń kọ ìlànà fún àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, sọ pé bí èèyàn bá fi agbára 90 lb, ìyẹn bíi kílò 41, tàbí ìlọ́po méjì ìwúwo bátìrì, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì, fa bátìrì fún ìṣẹ́jú kan, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ju 25 mm lọ, ibi yòówù kí wọ́n fà á sí. Ti inú àpótí rẹ, kò tíì sẹ́ni tó fà á tó ti ń rìn.

Èyí tí mo máa ń wò nìyí tí mo bá fẹ́ ra àpótí fún ẹnìkan. Mo máa wọn bátìrì fúnra mi, mi ò ní fi ohun tí wọ́n kọ sára páálí ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn 100Ah jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Group 31, ó gùn ní bíi 33 cm, ó sì fẹ̀ ní bíi 17 cm, ṣùgbọ́n gíga wọn kì í dọ́gba. Mo máa fi kún gíga náà fún fíúùsì tó máa jókòó lórí orí pupa àti fún wáyà tó máa tẹ̀ kọrọ. Ìdérí tó bá ń tẹ wáyà mọ́lẹ̀, kò sí ohun tó máa mú mi lò ó. Ní ẹ̀gbẹ́, mo máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà, mo sì máa ń fi pátákó ike funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń gé nǹkan nílé ìdáná, há a mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í mu omi, kì í sì í fún pọ̀. Fóòmù tí àwọn kan fi ń wé bátìrì yípo, mi ò fara mọ́ ọn. Ó ń sé ooru mọ́, fóòmù tó rọ̀ sì ń mu omi iyọ̀ bíi kànrìnkàn, á wá gbé e tì bátìrì lára.

Bẹ́líìtì náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ àpótí ló ní bẹ́líìtì tó kàn di ìdérí mú. Ìdérí nìkan ló dì, bátìrì ṣì wà lómìnira nínú. Èyí tó o nílò ni èyí tó kọjá lórí bátìrì fúnra rẹ̀, tó sì so mọ́ ohun tí a fi bóòtì onírin tí kì í dípẹtà dè mọ́ ara ọkọ̀ gan-an. Kì í ṣe skúrù kékeré lára fáíbà tín-ín-rín o, á fà tu.

Ní ti pákó: pákó ń mu omi, omi iyọ̀ sì ń gbé iná. Irin náà, bí orí pupa àti orí dúdú bá jọ kàn án, iná ńlá ló máa ṣẹ́, Bluetooth bátìrì ò sì ní gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Ike líle ni kó o mú, aláwọ̀ funfun tàbí eérú bó o bá rí i, torí ọkọ̀ rẹ ò ní òrùlé, dúdú sì máa ń fa oòrùn. Ọ̀pọ̀ bátìrì LiFePO4 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé kí a má gbaná sí i bí ooru rẹ̀ bá ti ju 45°C lọ, kí a má sì gbaná sí i bó bá ti tutù tó 0°C. BMS inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì, á sábà já iná fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáa kí èèyàn máa tì í débẹ̀.

Àdùkẹ́ Ojú Omi

Ẹ̀gbọ́n Oníná, ẹ ṣeun, gbogbo rẹ̀ ni mo gbà àyàfi ẹyọ kan. Omi iyọ̀ ni èmi náà ń ná, àpótí tó dí pátápátá ni mò ń lò, irú tó ní rọ́bà yí ìdérí ká. Orí bátìrì mi ń dán títí di òní. Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ kí omi máa wọlé kó tún máa jáde, nígbà tó ṣeé ṣe kó má ti ẹ̀ wọlé rárá?

Ọmọ Apẹja, àpótí oní-USB yẹn, rọra ṣe. Mọ́tọ̀ 55 lb lè mu tó 50A bó o bá tẹ̀ ẹ́ dé ìparí. Ṣí àpótí náà kó o tó ra á, kó o wo wáyà inú rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju wáyà mọ́tọ̀ lọ. Ojú tó ń fi fóòtì hàn náà, bátìrì oní-ásíìdì ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Fóòtì lítíọ́mù kì í fẹ́ rìn: láti ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí tó fi ku ìdá kan nínú mẹ́ta, kò ju bíi 13.3V sí 13.0V lọ. Wàá rò pé ó ṣì kún, yóò sì ṣàdédé kú sí ọ lọ́wọ́ láàárín omi. Ẹ̀rọ tó ń ka iye iná tó wọlé àti iye tó jáde ló lè sọ òótọ́ fún ọ, tàbí Bluetooth inú bátìrì bó bá ní in.

Oníná Ọkọ̀

Àdùkẹ́, o káre, ọ̀rọ̀ fóòtì yẹn ni mo gbàgbé láti kọ.

Lórí dídí pátápátá, jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi takú. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àpótí náà ní omi nínú. Lójúmọmọ á gbóná, lálẹ́ á tutù, omi inú afẹ́fẹ́ náà á sì kán sára ìdérí, kò ní rí ibi tó máa gbà jáde. Bí tìrẹ bá ń dán, á jẹ́ pé o máa ń ṣí i lóòrèkóòrè, o sì ń nù ún. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkejì ló sì le jù: lóòótọ́, LiFePO4 kì í tú gáàsì lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá bàjẹ́, tó gbóná kọjá àlà, gáàsì tó lè gbiná ló máa tú jáde, ó sì pọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn há sínú àpótí tí kò ní ojú ihò kankan. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àpótí tó dí ni pé mo máa ń lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ ètè ìdérí níbi tí omi ò lè ta sí tààrà, mo máa fi ìdí-ihò tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá ṣùgbọ́n tí kì í gba omi dí i. Mo tún máa ń lu ihò kékeré sí igun ìsàlẹ̀. Kí bátìrì tó wọlé ni kí ẹ lù ú o, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wà níbẹ̀. Kí ẹ sì gbé àpótí náà ga sókè díẹ̀ kí omi inú ọkọ̀ má bàa gba ihò náà wọlé.

Fíúùsì ńkọ́, Ọmọ Apẹja? O ò dárúkọ rẹ̀ rárá, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Àwọn ABYC kan náà sábà fẹ́ kó wà láàárín bíi 178 mm sí orí bátìrì. Má lo fíúùsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Lítíọ́mù lè tú iná tó lágbára púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí orí méjèèjì bá kanra wọn, fíúùsì kékeré lè jó kó má sì já iná náà. Wo ara fíúùsì, kó o wá ibi tí wọ́n kọ iye iná tó lè já. Fíúùsì MRBF tó ń jókòó tààrà sórí bátìrì lè já 10,000A ní 14V, fíúùsì Class T sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. MRBF ló rọrùn láti fi sínú àpótí kékeré.

Ọmọ Apẹja

Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. 12.8V ló wà lára rẹ̀, mo ti wò ó. Mo ti wọn bátìrì: 33 cm, 17.2 cm, gíga rẹ̀ 21.5 cm. Fíúùsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, ó sì jìnnà sí bátìrì. Mo ti yọ ọ́, n ò ní wọ omi títí tí MRBF á fi dé. Oní-USB, mo ti fi sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìdérí àpótí funfun tí mo rí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan abẹ́ ìjókòó. Ṣé mo lè dà bátìrì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́? Àti pé, táńkì epo ẹ̀ńjìnnì wà nítòsí ibẹ̀, bíi ẹsẹ̀ kan sí i.

Oníná Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ LiFePO4 ló gba dídùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ torí kò ní ásíìdì olómi tó lè ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn, ìwé tó bá a wá ló máa sọ. Dídojú dé, rárá.

Táńkì epo lọ̀rọ̀ gan-an. Òórùn epo bẹntiróòlù máa ń lọ sílẹ̀, ó máa ń kó sí abẹ́ ìjókòó bí irú èyí, ibẹ̀ sì ni wáyà rẹ àti fíúùsì rẹ máa wà. Èyí tó bá lè kúrò nínú méjèèjì, kó kúrò. Bátìrì rẹ ti fúyẹ́ báyìí, o lè gbé e lọ sí iwájú ọkọ̀. Wáyà á gùn sí i, nítorí náà mú èyí tó nípọn ju ti àtijọ́ lọ, wáyà bàbà tí wọ́n fi tín bò kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́. Sọ bí ó ṣe gùn tó fún mi láti bátìrì dé mọ́tọ̀, kí n bá ọ ṣírò bó ṣe yẹ kó nípọn tó.

Ọmọ Apẹja

Màá wọ̀n ọ́n lọ́la, màá kọ ọ́ síbí.