Kútọnu sí Montréal: ṣé wọn ò rẹ́ wa jẹ báyìí?

Ìyá Ìdòwú, Kétu: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, inú ń bí mi. Àbúrò mi ń lọ kàwé ní Montréal lóṣù kìíní. Mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kìlómítà 8,400 ni láti Kútọnu. Bàálù ń sá 900 ní wákàtí kan. Ẹ pín in: wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ pé á gbéra ní 23:30, á gúnlẹ̀ ní 14:00 ọjọ́ kejì. Wákàtí 14 àtààbọ̀! Owó àgbàdo wa ló gbà tán, láti ìjẹta kò sì gbé fóònù mi mọ́.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Kì í tilẹ̀ ṣe 14 àtààbọ̀, 20 àtààbọ̀ ni. Lóṣù kìíní, aago wọn fi wákàtí 6 wà lẹ́yìn tiwa. 14:00 tọ̀hún, 20:00 ni ní Kétu. Kò sì sí bàálù tó ń fò tààrà láti Kútọnu dé Montréal. Ibo ló ti máa sọ̀?

Ìyá Ìdòwú: Paris. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó mi ni mo bá wá o.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Paris ló sọ ọ́ di gígùn. Àríwá gbọnrangandan lẹ máa kọ́kọ́ lọ, kìlómítà 4,740, wákàtí 6 àti díẹ̀. Lẹ́yìn náà 5,500, wákàtí 7 àtààbọ̀ sí 8, torí atẹ́gùn òkè ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, iwájú ló ti ń ko bàálù. Bó bá ń bọ̀ wálé, ẹ̀yìn ni atẹ́gùn yẹn á ti máa tì í, á yá ju àlọ lọ. Casablanca ní Morocco ni ẹ bá gbà: 3,175 àti 5,675, gbogbo rẹ̀ 8,850.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Bó bá wá jókòó wákàtí 10 ní Casablanca ńkọ́? Ìdúró ló ń jẹ àkókò.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Kìlómítà 1,400 tí ọ̀nà Paris fi gùn ju ti Casablanca lọ ò kéré o.

Màmá Pobè: Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìdòwú, ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún wa.

Ìyá Ìdòwú: COO–CDG, ìyẹn Kútọnu sí Paris, ó dé ní 05:55. Lẹ́yìn náà ORY–YUL, Paris sí Montréal, á gbéra ní 12:15. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni, ìyẹn ló jẹ́ kó dínwó, ẹ má bínú sí mi.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́: Háà! CDG kọ́ ni ORY! Pápákọ̀ òfuurufú méjì ni, ọ̀kan lápá àríwá Paris, èkejì lápá gúúsù. Á gba ẹrù rẹ̀, á wọ ilẹ̀ Faransé, á wọ mọ́tò kó tó débẹ̀. Ṣé ó ní fíísà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Faransé?

Ìyá Ìdòwú: Ti Kánádà ló ní. Ẹni tó tà á ní ìyẹn ti tó.

Màmá Pobè: Kò tó! Kútọnu níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù gan-an ni wọ́n ti lè dá a dúró. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì tún burú: bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì lè jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Kóòdù alámì 6 wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bá iléeṣẹ́ bàálù fúnra wọn sọ̀rọ̀ lónìí, kí ẹ bi wọ́n léèrè iye tí ìyípadà jẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà, COO dé YUL, kí wọ́n lẹ YUL mọ́ ẹrù láti Kútọnu.

Ìyá Ìdòwú: Ẹ ṣé. Àmọ́ wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 20 tí mo ṣírò yẹn, ó tọ̀nà àbí kò tọ̀nà?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́: Ó tọ̀nà. Bàálù tó máa fò ó ni kò sí.