Ẹ̀yin ará Ítálì, ìgbà wo ni ìkórè àjàrà máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí?

Ọmọ Iléṣà, Brescia
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe vendemmia, ìyẹn ìkórè àjàrà, tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ já àjàrà lápá Canelli, ọjọ́ 12 Sẹ̀tẹ́ńbà la bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, owó ẹ̀ sì mọ́yàn lórí. Ní báyìí mo fẹ́ gba ìsinmi níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ 12 yẹn náà, mo sì ti rí yàrá tí wọ́n ní kí n sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Ṣé kí n san án àbí kí n ní sùúrù?

Ìyá Ìbejì, Asti
Má san kọ́bọ̀ o àbúrò mi! Ọjọ́ tí wọ́n já a lọ́dún tó kọjá ò kan ti ọdún yìí rárá. Èmi gan-an jẹ ìyà ẹ̀ ní 2017. Mo ti san yàrá, mo gbé báàgì, mo dé oko, wọ́n ní Moscato, irú àjàrà tí mo fẹ́ já, ti tán, àtinú Ógọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ń já a. Ọdún yẹn, àárín Éépírì, lẹ́yìn tí ewé tuntun ti yọ tán, òtútù kan ṣàdédé bọ́ lóru, omi dì sára ewé, kó tó di àárọ̀ gbogbo ẹ̀ ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Àwọn kan tan àbẹ́là ńláńlá káàkiri oko mọ́jú kí afẹ́fẹ́ lè gbóná díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ọ̀dá dé, ooru dé, òjò ò rọ̀, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lórí igi bá tètè pọ́n. Iṣẹ́ yá, iṣẹ́ tún kéré. Owó yàrá mi wọgbó.

Bàbá Oko, Alba
Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Ohun tí wàá ṣe rèé: pe ẹni tó mú yín ṣiṣẹ́ níjọ́sí, bi í pé ọjọ́ wo ni àjàrà ẹ̀ yọ òdòdó, kó o wá ka bí ọjọ́ 100 sí i. Àwọn àgbà oko níbí náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kì í ṣe pé kò lè yẹ̀ o, oòrùn lè fà á síwájú, òjò lè tì í sẹ́yìn, àmọ́ ó sàn ju kàlẹ́ńdà lọ. Irú àjàrà tí wọ́n ń pè ní Nebbiolo ni kì í tẹ̀ lé e, ìyẹn máa ń kọjá ọjọ́ 100 dáadáa, Ọkitóbà ni wọ́n sábà máa ń já a, ìgbà tí kùrukùru ti bo òkè, wọ́n tiẹ̀ ní ara nebbia, ìyẹn kùrukùru, ni orúkọ ẹ̀ ti wá. Torí náà tó o bá pàdánù Moscato, má sunkún. Dolcetto ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, Barbera tẹ̀ lé e, Nebbiolo ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà á máa ti oko kan bọ́ sí òmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje.

Adé Lecce
Ẹ̀gbọ́n, ṣebí bóòrùn bá ṣe mú tó náà ni àjàrà á ṣe yá tó? Níbí ooru ti fẹ́ pa wá, mo rò pé ìparí Júláì la máa bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Oko, Alba
Rárá o Adé, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Oòrùn díẹ̀ ń mú un yá lóòótọ́, àmọ́ tó bá ti ń lọ sí digiri 35 sókè lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ sì gbẹ, igi náà á panu mọ́, kò ní mí mọ́ kí omi ara ẹ̀ má bàa tán, ṣúgà ò ní wọnú èso, èso á kéré, èèpo á le, omi inú ẹ̀ ò ní tó nǹkan. Bó ṣe fẹ́ rí ní 2022 nìyẹn, àfi bí òjò ṣe rọ̀ nínú Ógọ́ọ̀sì tí ara tu igi. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ọ̀gá tó ń fún omi àjàrà sójú ẹ̀rọ kékeré kan láràárọ̀, ṣúgà ló ń wò, tí ò bá tíì tó, kò sẹ́ni tó máa gbé sísọ́ọ̀sì. Ti wáìnì tó ń hó ló yàtọ̀, ìyẹn wọ́n fẹ́ kó kan díẹ̀, wọ́n á tètè já a. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní gúúsù, ẹ gbé omi dání, kẹ́ ẹ sì bèèrè bóyá ìjọba àgbègbè yín ti fòfin de iṣẹ́ oko láàrin 12:30 sí 4 ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ibi ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọ Oǹdó, Pescara
Ẹ̀ ń sọ ti ooru, èmi òjò ni mo bẹ̀rù. Ní 2023 òjò rọ̀ jálẹ̀ Méè àti Júùnù ní Abruzzo níbí, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní peronospora bá wọlé. Ẹ̀yin ọmọ olóko kòkó á mọ irú ẹ̀, mọ̀lẹ́bí èyí tó ń mú kòkó dúdú lórí igi ni, kódà oògùn búlúù tí bàbá mi fi ń fín kòkó náà ni wọ́n ń fín sí àjàrà. Àwọn oníṣẹ́ oko ní òfin mẹ́wàá mẹ́ta: tí ẹ̀ka tuntun bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ojú ọjọ́ ò tutù ju digiri 10 lọ, tí òjò mìlímítà 10 sì rọ̀ láàrin ọjọ́ kan sí méjì, kíá ni kí wọ́n fín in. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fín in láàárọ̀ tí òjò fọ̀ ọ́ dànù lálẹ́ ńkọ́? Tírákítọ̀ gan-an ò rọ́nà wọ oko, ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún, a dé ibẹ̀ ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ewé ló wà níbẹ̀, kò séso. Wáìnì gbogbo Ítálì já wálẹ̀ láti nǹkan bíi bílíọ̀nù líta 5 ní 2022 sí 3.8 lọ́dún yẹn.

Ìyá Ìbejì, Asti
Háà, ọdún yẹn! Ẹ má gbàgbé yìnyín náà o. Yìnyín máa ń yan ojú, á gún oko ẹnì kan pátápátá, á fi ti aládùúgbò ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó bá gún tí òjò sì tún pa, á bu. Lẹ́yìn náà ẹ̀yin lẹ máa jókòó ti ìdì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ máa fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó ti jẹrà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ á falẹ̀ gan-an. Tẹ́nì kan bá wá ní òun máa san owó cassetta, ìyẹn àpótí àjàrà, kọ̀ọ̀kan, ẹ má gbà, owó wákàtí ni kẹ́ ẹ dìrọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ sì rèé, wọn kì í já àjàrà tútù, ilé lẹ máa wà, ọjọ́ yẹn ò sì ní wọ busta paga, ìyẹn ìwé owó oṣù yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọjọ́ 102 láàrin ọdún méjì nítorí disoccupazione agricola, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ oko tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ yọ ọjọ́ òjò kúrò nínú ìṣirò yín, kó má lọ ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó pé bíi ti ọkùnrin kan níbí.

Ọmọ Iléṣà, Brescia
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe ọkùnrin náà, ó ní ọjọ́ 26 Méè ni òdòdó yọ. Mo kà á, ọjọ́ 3 Sẹ̀tẹ́ńbà ló bọ́ sí. Ká ní mo dúró de ọjọ́ 12, ìdajì á ti lọ! Màá sọ níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n fún mi láti ìparí Ógọ́ọ̀sì.

Bàbá Oko, Alba
Ó dáa. Àmọ́ má tíì san yàrá. Tún pè é ní bí ọjọ́ 20 Ógọ́ọ̀sì, á ti mọ bí ṣúgà ṣe ń lọ nígbà yẹn.

Ọmọ Iléṣà, Brescia
Mo ti gbọ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ibi tí mo ti lè ra sísọ́ọ̀sì tó dáa? Ti ọdún tó kọjá dá egbò sí mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ kejì.

Ìyá Ìbejì, Asti
Má ra nǹkan kan, mo ní méjì nílé. Tó o bá dé Asti, pè mí.