Ìmọ́gaara kọ́, iye ojú ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí á máa pe rẹsolúṣọ̀n, ìyẹn iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, ní "ìmọ́gaara", mo ti gbé e dé ìdí iṣẹ́, kò sì ṣiṣẹ́.

Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí pé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà àwọn ń ṣe bàìbàì, pé ojú àwọn ọmọọmọ nínú fọ́tò sì fẹ̀ bí ẹni tó wú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìmọ́gaara rẹ̀ sókè." Wọ́n ní ó ti yé àwọn. Wọ́n bá ń tẹ bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀, ó ń mọ́lẹ̀ sí i títí funfun rẹ̀ fi ń ta wọ́n lójú. Lẹ́tà kò yí padà. Bàbá kò ṣàṣìṣe rárá. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn sọ ni wọ́n ṣe. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ṣì wọ́n lọ́nà. Ẹnì kan ló ti sọ rẹsolúṣọ̀n rẹ̀ di 1024 × 768 (ìbú × òòró) kí lẹ́tà lè tóbi, bẹ́ẹ̀ 1920 × 1080 ni wọ́n ṣe mọ́nítọ̀ náà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe níbí mọ̀ pé "ojú" ni à ń pe àlàfo kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀n olójú ńlá wà, olójú wẹ́wẹ́ wà. Iye tí wọ́n bá hun sí i ló máa ní. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ òde òní, àmì kéékèèké kọ̀ọ̀kan ni ojú rẹ̀. Ti Bàbá ní ojú 1,920 ní ìbú, 1,080 ní òòró, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,073,600. Tí a bá ní kí kọ̀ǹpútà rán 1,024 péré wá ní ìbú, ojú 1,920 yẹn kò dín. Ẹyọ kan tó rán wá á ju ojú kan lọ, kò sì ní kún méjì, ni etí lẹ́tà bá ń pò mọ́ra. Ibi tí bàìbàì ti wá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àbá tèmi: "ojú àwòrán" fún píksẹ́lì (ẹyọ àmì kan), "iye ojú" fún rẹsolúṣọ̀n, "iye ojú àdámọ́" fún èyí tí wọ́n ṣe mọ́ mọ́nítọ̀. "Ìpinnu" tí àwọn kan ń lò, ìpàdé ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹ lè ní "ojú" ti pọ̀ jù, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ ojú. Àtakò tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ní ojú, ọ̀nà ní ojú, egbò ní ojú, a kì í ṣì wọ́n gbọ́. "Iye" tó ṣáájú ló ń là á yé wa.

Nígbà tí mo ní kí Bàbá wá ibi tí iye ojú wà, kí wọ́n mú 1920 × 1080, wọ́n rí i. Mo ti kìlọ̀ pé tó bá ṣókùnkùn, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan, Windows á dá a padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15. Fọ́tò bọ̀ sípò, àmọ́ lẹ́tà wá kéré. Scale, ibi tí a ti ń mú lẹ́tà tóbi láì fọwọ́ kan iye ojú, ni wọ́n nílò láti ìbẹ̀rẹ̀. A gbé e láti 100% sí 150%. N kò ní orúkọ fún un lọ́jọ́ náà. "Ìtóbi" wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ó jọ títóbi mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ bá mi wá a.