Ántẹ́nà inú ilé tí wọ́n ní ó ń mú 200 máìlì, ṣé kí n rà á?

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ántẹ́nà kan lórí Facebook, ó pẹlẹbẹ, wọ́n ní kí n kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ wíńdò, pé ó ń mú tó 200 máìlì, pé 4K ni, àwòrán tó mọ́ jù lọ, pé mi ò ní san owó oṣù kankan mọ́ láyé mi, bọ́ọ̀lù Premier League, fíìmù Yorùbá, kàtúùnù, gbogbo ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń tà á tiẹ̀ fi fídíò ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ hàn mí, ó ní kí n lọ sọ dẹkódà mi nù. Owó dẹkódà yìí sì ti sú mi lóòótọ́, wọ́n ń fi kún un ṣáá. Bàbá Ìbejì ní jìbìtì ni, àmọ́ àwọn tó kọ̀rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn pọ̀ gan-an. Ọ̀nà LAUTECH la wà, òrùlé páànù. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ajílété:
Ìyá Ìbejì, ẹ di owó yín mú ṣinṣin mà. 200 máìlì ju 320 kìlómítà lọ! Láti Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ bá forí lé gúúsù tààrà, ẹ ti kọjá ilẹ̀, inú òkun lẹ wà yẹn 😂 Kútọnu gan-an ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ṣé tẹlifíṣọ̀n Kútọnu lẹ fẹ́ máa wò ni?

Ẹlẹ́rọ_Akẹ̀sán:
Iṣẹ́ mi lẹ̀ ń sọ yìí, Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe tí mo sì ń gbé díìṣì. Ẹ wò ó, ohun tí òpó tẹlifíṣọ̀n ń tú jáde, ọ̀nà tààrà ló ń bá lọ, ayé sì rí roboto, tó bá rìn dé ibì kan ilẹ̀ fúnra ẹ̀ á dí i. Òpó tó ga tó 300 mítà, bí 70 kìlómítà ló máa lè dé sí ẹni tó wà nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ántẹ́nà tiyín sókè ẹ lè rí díẹ̀ kún un, ó tán. Ántẹ́nà ò lè mú ohun tí ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọn ì báà fi wúrà ṣe é. Ìbàdàn sí ọ̀dọ̀ yín ń lọ sí bí 90 kìlómítà, Ìlọrin ló sún mọ́ yín, bí 50.

4K tí wọ́n ń pariwo yẹn, irin àti wáyà ni ántẹ́nà, kò mọ 4K, bí iléeṣẹ́ bá ṣe fi àwòrán ránṣẹ́ náà lẹ ṣe máa rí i. Búsítà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọn kó lè fún ohun tó bá mú lágbára ńkọ́? Ṣe ló dà bíi gbohùngbohùn tó ń ha tẹ́ ẹ wá yí fólúùmù ẹ̀ sókè, híha yẹn náà ló máa pọ̀ sí i. Páànù orí yín sì tún ń dí i lọ́nà.

Ti bọ́ọ̀lù ló tiẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ojú ọ̀run ni DStv ti ń wá, díìṣì ló ń gbà á. GOtv ń bọ̀ látorí òpó lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti tì í pa, dẹkódà tẹ́ ẹ sanwó fún ló ń ṣí i. Ántẹ́nà wo ló fẹ́ ṣí i?

Sábó_Connect:
Ẹlẹ́rọ, ẹ má pe gbogbo ẹ̀ ní jìbìtì jàre. Àbúrò mi n'Íbàdàn, ántẹ́nà inú ilé ló ń lò, GOtv ẹ̀ mọ́ kedere.

Ẹlẹ́rọ_Akẹ̀sán:
Mi ò bá yín jiyàn. Tí òpó bá wà nítòsí, inú ilé náà á mú un. Ṣé ó ti wá kúrò nínú sísanwó oṣù ni? Àti àwọn tó ń kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá ibẹ̀ ń fi díjítà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tiwa níbí, 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyípadà sí díjítà yẹn ní Jos, ẹ ẹ̀ rí i bó ṣe ń fà nílẹ̀ títí dòní.

Ọmọ_Ajílété:
Ìyá Ìbejì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á gbé e wá sílé yín kó kì í bọ tẹlifíṣọ̀n yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Fídíò tó fi hàn yín yẹn, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti yà á.

ÌyáÌbejì_Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un o. Ó ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì, kò fèsì látàárọ̀ 😒 Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣeun gan-an. Tó bá wá jẹ́ ántẹ́nà orí ọ̀pá gíga níta ni mo fẹ́, tó jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ nìkan ni mo fẹ́ máa wò ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ_Akẹ̀sán:
Ẹ ra èyí tó ní ọ̀pá wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ gbé e kọjá òrùlé, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí Ìlọrin. Ẹ kọ́kọ́ wo ti aládùúgbò ná, ohun tó bá ń mú lẹ̀yin náà máa mú. Ẹ sì má jẹ́ kí páìpù ẹ̀ sún mọ́ wáyà NEPA o.