"Àjíkú" nìkan kò tó: báwo ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe kú?

Ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni orúkọ tó yẹ àìsàn ọkọ̀ àtijọ́ tó máa ń jí bí wọ́n bá ṣíná sí i, tí kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Ẹnì kan dá "àjíkú", ó fi "àbíkú" ṣe àwòṣe. Ẹlòmíràn ní kò sídìí fún ọ̀rọ̀ tuntun, pé "ó ń kú" tó wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì ti tó. Ẹnì kẹta mú "dúró" wá. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀: ọkọ̀ ló ń dúró, ẹ́ńjìnnì kọ́. Awakọ̀ lè tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ dúró gbọnin, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa dún.

"Àjíkú" dùn létí, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú àbíkú ló ń kọ mí lóminú. Àbíkú ló ń sọ olóògùn dèké. Bí a bá ti pe ọmọ bẹ́ẹ̀, a ti gbà pé ìdí ikú rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, pé ó ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ lọ́run. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú wà lára ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ sì lè tó o.

"Kú" lásán náà kò ràn wá lọ́wọ́, nítorí ọ̀nà tó gbà kú ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì ní. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo rò pé ó yẹ, a sì ti ní wọn tẹ́lẹ̀. Èyí tó kú lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn pa á, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó "dákẹ́". Èyí tí agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀, ó "jó àjórẹ̀yìn". Àìsí iná mànàmáná ló sábà máa ń fa ti àkọ́kọ́. Ti èkejì, ẹ wá a lọ́nà epo.

Ẹ wo "dákẹ́" ná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kọ́ntáàtì, ìyẹn ojú irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà iná, ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé kọ́ìlì, èyí tó ń sọ iná bátìrì di alágbára kó lè ṣáná. Nígbà tí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ dópin, tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, iná bátìrì ń lọ tààrà. Bó bá ti jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ tó padà sẹ́yìn díẹ̀, iná á gba inú rẹsísítọ̀ kan kọjá, èyí tó ń dín fólítì 12 kù sí bíi 6 sí 9 kí kọ́ìlì má baà gbóná jù. Bí rẹsísítọ̀ yẹn bá ti jóná, ẹ́ńjìnnì á jí dáadáa, á sì dákẹ́ gan-an nígbà tí ọwọ́ kúrò lára kọ́kọ́rọ́. Kì í wúkọ́, kì í gbọ̀n. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ sí ipò tí ọkọ̀ fi ń rìn, kí ẹ gbé mítà sí ojú kọ́ìlì tí iná ń gbà wọlé: òdo ni ẹ ó rí. Bí awakọ̀ bá ti sọ pé "ó ń dákẹ́ bí mo bá ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀", kò sẹ́ni tí yóò lọ tú kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, palẹ̀.

Ti àjórẹ̀yìn yàtọ̀. Abọ́ kékeré kan wà nínú kábúrétọ̀ tí epo máa ń dúró sí, ìwọ̀nba èyí tó wà nínú rẹ̀ sì tó láti jí ẹ́ńjìnnì. Bí pọ́ǹpù ò bá gbé òmíràn wá, tàbí tí fílítà ti dí, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, á wúkọ́, á tún fẹ́ gbéra, kó tó kú. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ fọwọ́ ṣí ọ̀fun kábúrétọ̀ bí pẹ́dà ṣe máa ń ṣí i. Ó yẹ kí epo tú síbẹ̀ tín-ín-rín. Bí kò bá tú, ó ṣeé ṣe kí abọ́ ti gbẹ. Bí ẹ bá sì ṣí ìdérí táǹkì tí afẹ́fẹ́ fà wọlé ṣììì, tí ọkọ̀ padà ń ṣiṣẹ́, ihò ìdérí ló dí.

Àwọn kan lè ní ooru ni ká fi pín in. Kò ní tọ́. Kọ́ìlì tó ń bàjẹ́ lè dákẹ́ bó bá gbóná, kó sì tún jí lẹ́yìn tó bá tutù. Epo tó hó di oru nínú páìpù náà máa ń dínà nígbà ooru. Ooru kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ́tí yóò gbọ́ pé ọ̀kan dákẹ́, èkejì jó àjórẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí "àjíkú" jẹ́ orúkọ ẹ̀sùn tí awakọ̀ mú wá, kí "dákẹ́" àti "jó àjórẹ̀yìn" jẹ́ ohun tí mẹkáníìkì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibì kan ṣẹ́kù tí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò gbà. Bí jọ́ọ̀kì, ìdérí tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kò bá ṣí, epo á pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa jáde, púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo á dú bí èédú. Ẹ́ńjìnnì náà á rọra kú, ṣùgbọ́n epo kò tán. Epo ló pa á. "Àjórẹ̀yìn" kò lè ru ìtumọ̀ yẹn. "Àmuyó" ni mo mú wá fún un. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ níṣẹ́ yìí.