Èsì: ṣé “owó ààbò” la máa pè é ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìròyìn nípa ìlú Stockton ní California béèrè orúkọ tó yẹ owó tí ìlú ń bù lé ọjà téèyàn bá rà, èyí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi gba ọlọ́pàá kún ọlọ́pàá. Òun fúnra rẹ̀ dábàá “owó ààbò”. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Oǹdó ní “owó orí ọjà” ti tó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lánàá, mo bi ìyá aláta kan ní Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́, pé kí ni wọ́n ń pè ní owó orí ọjà. Ó ní, “Ata yìí? Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni abọ́ kan.” Iye tí ọjà jẹ́ ló gbọ́, kò sì jẹ̀bi.

Ẹni tó ní ká pè é ní “èènì ìjọba” pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà ló ń bu èènì fún ẹni tó ń rà. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn nìyí lọ́wọ́ mi: ọṣẹ àti bátìrì ₦4,000, VAT ₦300. Èmi ni mo san ₦300 yẹn, kò sẹ́ni tó bu nǹkan kan kún ọṣẹ mi. Ẹ má sì pe ti Stockton ní VAT. Àpò ìjọba àpapọ̀ ni VAT ń lọ kí wọ́n tó pín in. Ti Stockton, ìlú ló ni ín.

“Owó ààbò” gan-an ló ń kọ mí lóminú. Lọ́dọ̀ wa, owó tí a bá fi iṣẹ́ sọ lórúkọ, iṣẹ́ náà la ń retí. Ẹ wo owó ọdẹ àdúgbò: bí ọdẹ bá sùn lóru méjì tí a ò gbọ́ fèrè rẹ̀, àwọn lánlọ́ọ̀dù á ní àwọn ò san mọ́. Gbèsè ló gbé Stockton dé kọ́ọ̀tù ní 2012. Nínú ìbò November 2013, àwọn ará ìlú fọwọ́ sí Measure A, ìyẹn àbá tó ní kí ìlú máa gba owó yìí, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sẹ́ǹtì lórí dọ́là kan. Measure B, tí wọ́n dìbò fún lọ́jọ́ kan náà, ní kí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti dídènà ìwà ọ̀daràn, kí 35 bá wọn jáde nínú gbèsè. Ìmọ̀ràn lásán ni B yìí o! Lójú òfin, àpò gbogboogbò ìlú ni owó náà ń wọ̀. Ká ní wọ́n so ó mọ́ ọlọ́pàá pinpin ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta olùdìbò ni òfin California ì bá béèrè. Ìbò tí Measure A rí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì lọ. Bí a bá wá pè é ní “owó ààbò”, àwa la ṣèlérí tí òfin wọn ò ṣe.

“Owó orí ìrajà” ni mo fara mọ́. Mo tún padà lọ bi ìyá aláta. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ṣé oníbàárà ni yóò máa san án? Ọmọ mi, má gbé e wá sí ìsọ̀ mi o.”